Aṣọ Tí Mo Dì Mọ́ Ẹrù Sìdíkàt

Ajé, 6 Sẹ̀tẹ́ńbà 1954

Wọ́n gbà mí, wọn ò sì tíì gbà mí. Ọ̀gbẹ́ni Oyèníran, ọ̀gá kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn tíṣà, ka ìwé-ẹ̀rí mi láti òkè dé ìsàlẹ̀: ìwé mẹ́fà ní Èjìgbò, ẹ̀kọ́ ìṣòwò àti ìtẹ̀wé n'Ìbàdàn. Lẹ́yìn náà ó wo Sìdíkàt tó ń fi ọmú ṣeré lórí itan mi.

"Ìyá, ìwé yín dára. Ṣùgbọ́n a kì í gba ìyá ọlọ́mọ-ọmú sí kíláàsì."

Mo ní, "Ọ̀gá, kí ẹ tó ṣílẹ̀kùn kíláàsì, ọmọ yìí yóò ti kúrò lẹ́nu ọmú."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ṣé òun náà ti gbọ́?"

Kò tíì gbọ́. Ṣùgbọ́n ó ti lé lọ́mọ ọdún méjì, ó léyín, ó ń rìn, ó ń jẹ iṣu. Àkókò tó. Bí ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ ní Jánúárì tí n kò sí lára àwọn tí yóò dúró níwájú pátákó, ìdí àwo títà ni n ó gbó sí. Mo ti ta àwo tó.

Àlàrùbá, 8 Sẹ̀tẹ́ńbà

Mo fún ewúro, mo fi ra orí ọmú. Sìdíkàt tọ́ ọ wò, ó yínmú, ó nù ún mọ́ bùbá mi, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ọmọ mi ni, kò sí àní-àní.

Sátidé, 11 Sẹ̀tẹ́ńbà

Mo ránṣẹ́ sí ìyá ọkọ mi ní Ola. Wọ́n dé kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná. Wọ́n rí àwọ̀ ewúro lára bùbá mi, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

"Ìyàwó, o ò lè gba ọmọ lẹ́nu ọmú bí ẹni ń ti sọ́ọ̀bù. N ó mú un lọ sí Ola. Kò gbọdọ̀ rí ọ, kò gbọdọ̀ gbóhùn rẹ, títí n ó fi ránṣẹ́ sí ọ."

"Ìgbà wo nìyẹn yóò jẹ́, Ìyá?"

"Ìgbà tó bá gbàgbé."

"Ẹ dá ọjọ́ fún mi, kí n lè mọ bí n ó ṣe to nǹkan."

"Ta ní í dá ọjọ́ fún ìgbàgbé? Ṣé ọkọ̀ Àbíján ni?"

Mo di ẹrù ọmọ: aṣọ rẹ̀, ife rẹ̀, ọṣẹ, ṣúgà díẹ̀ fún ògì. Nígbà tí Ìyá Ola yíjú, mo ká ìró àdìrẹ tí èmi àti Sìdíkàt máa ń sùn lé, mo tẹ̀ ẹ́ sí ìsàlẹ̀ ẹrù. Ọmọ tí yóò sùn ní ibòmíràn nílò ohun tó mọ̀. N kò rí ohun tó ṣòro níbẹ̀.

Àìkú, 12 Sẹ̀tẹ́ńbà

Òjò wínníwínní. Lọ́rì Ola gbéra. Sìdíkàt jókòó lórí itan Ìyá Ola, ó ń wo ọwọ́ dírẹ́bà. Kò sunkún. Èmi ni mo ń wá ẹkún lójú rẹ̀. Bàrákátù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ń juwọ́ títí ọkọ̀ fi di nǹkan pupa kékeré nínú òjò, ó wá wò mí.

"Màámi, ta ni n ó máa bá jà báyìí?"

Mo ní kó lọ fọ abọ́.

Ajé, 20 Sẹ̀tẹ́ńbà

Kọ́lẹ́ẹ̀jì ṣí. Bẹ́ńṣì kúrú, ẹsẹ̀ mi gùn. Èmi ni mo dàgbà jù níbẹ̀. Ọmọkùnrin tí wọ́n fi mí tì, Fọlọ́runṣọ́ ará Ifẹ̀-Ọ̀dàn, fò dìde nígbà tí mo wọlé, ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá. Ta ni ọmọ yín níbí kí n bá yín pè é?"

"Kò sí. Sún."

Ó sún. Ó ń rẹ́rìn-ín sínú ìwé rẹ̀ títí a fi jáde.

Ọ̀gá pẹ́ kó tó dé. Mo bi í bóyá bí yóò ṣe máa rí lójoojúmọ́ nìyí, kí n lè máa lọ ata mi sílé kí n tó wá. Ó ní òun kò ní pẹ́ mọ́.

Àlàmísì, 23 Sẹ̀tẹ́ńbà

Ẹ̀kọ́ nípa òkun. Ọ̀gá ń kà á sókè, ohùn rẹ̀ ń lọ ó ń bọ̀, afẹ́fẹ́ ọ̀sán ń gba ojú fèrèsé wọlé, ó sì dà bí ẹni pé ìsàlẹ̀ omi ni gbogbo wa jókòó sí tí a ń wòkè. Ọmọ kan bú sẹ́kún ní agboolé kejì. N kò mọ ọmọ náà, n kò mọ ìyá rẹ̀. Àyà mi le bí ìbẹ́pẹ tí kò tíì pọ́n, ó gbóná, iwájú bùbá mi sì tutù rinrin. Mo gbé ìwé òkun bò ó.

Fọlọ́runṣọ́ rí i. Ó bọ́ kóòtù rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì níwájú mi bí ẹni tí ooru ń mú.

Jímọ̀, 1 Òkìtóbà

Òjò. Gàrí ti wọ́n. N kò gbọ́ nǹkan kan láti Ola.

Àtàláátà, 5 Òkìtóbà

Ìyá Ola wá ná ọjà Èjìgbò, wọ́n yà sílé. Wọn ò jókòó.

"Ta ló ní kí o di ìró rẹ mọ́ ẹrù ọmọ?"

Mo ní, "Kó lè rí nǹkan fi sùn ni, Ìyá."

"Ó rí nǹkan fi sùn. Ó ki imú bọ̀ ọ́, ó fi etí rẹ̀ sẹ́nu, ó ń fà á mu. Mo ti tan ọmọ yìí dé ìdajì ọ̀nà, aṣọ rẹ ló ń dá a padà ní alaalẹ́. Èmi ń ro ohun tó ń ṣe é, àfi ìgbà tí mo gbóòórùn rẹ̀. Wàrà ní gbogbo ara aṣọ. O mọ̀wé, o ò mọ̀yẹn?"

N kò mọ̀yẹn. Mo bi wọ́n pé kí ló kù.

"Mo ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sunkún bí ẹni òfò ṣẹ̀. A tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. N kò ní fọ aṣọ náà títí yóò fi parí. Ọjọ́ tí o bá rí i ní fífọ̀, ọmọ ti gbàgbé nìyẹn."

Wọ́n lọ. Mo ṣírò rẹ̀ títí: gbogbo ọ̀sẹ̀ tó ti kọjá, òfò. Èmi tí n kò lè fara da kí ọkọ̀ pẹ́ ní gáréèjì, èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi dá ọkọ̀ yìí padà.

Sátidé, 16 Òkìtóbà

Mọ́rúfù, ọ̀rẹ́ Àlíù ọkọ mi, ti Àbíján dé. Gbogbo ẹni tó kí i ló ń fi "sà fà" àwọn Faransé dá lóhùn, títí dé orí bàbá arúgbó tó béèrè àlàáfíà ìyá rẹ̀.

"Mádàámù, Àlíù ní kí n kí yín. Ọjà ń yá lọ́hùn-ún. Ó ní kí ẹ fi ọ̀rọ̀ ìwé yìí sílẹ̀, kí ẹ wá bá òun."

"Sọ fún un pé mo ti bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá parí, a ó jọ sọ̀rọ̀."

"Ṣé bí n ó ṣe sọ ọ́ nìyẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Má fi ṣúgà sí i."

Ó rẹ́rìn-ín, ó dìde, ó tún jókòó. "Ó tún ní kí ẹ máa pe orúkọ òun sí Sìdíkàt létí. Ó ní ọmọ náà kò rí òun rí. Ó ní òun ò fẹ́ kó di pé òun dé kó sá."

Mo ní mo gbọ́. N kò sọ fún un pé ọmọ kò sí nílé. Lẹ́yìn tó lọ, mo pe orúkọ náà nínú yàrá, Àlíù, ó dún bí orúkọ ìlú kan tí mo dé rí lọ́mọdé.

Ajé, 25 Òkìtóbà

Mo lá àlá pé ìró àdìrẹ mi sá sórí òkun inú ìwé Ọ̀gá, ó tẹ́ lọ títí ojú kò tó o mọ́, Sìdíkàt ń rìn lórí rẹ̀ lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tutù. Mo fẹ́ pè é, n kò rí orúkọ rẹ̀ pè. Mo jí. N kò mọ ohun tí ènìyàn ń fi irú àlá yìí ṣe. Mo dìde, mo dá iná, mo ka ẹ̀kọ́ ìlera.

Ọmú ti ń rọ̀. Ó rọ̀ ju bí mo ṣe fẹ́ lọ.

Àtàláátà, 9 Nòfẹ́ńbà

Mọ́lúdì. Ọyẹ́ àkọ́kọ́ fẹ́ lórí wàásù, funfun bo orí àwọn ọ̀pẹ. Bàrákátù gbé oúnjẹ sí abọ́ mẹ́ta, ó rántí, ó da ọ̀kan padà sínú ìkòkò.

Jímọ̀, 12 Nòfẹ́ńbà

Wọ́n pín wa sí ibi tí a ó ti lọ dán iṣẹ́ tíṣà wò lójú alábẹ̀wò. Èmi àti Fọlọ́runṣọ́: Ola.

Mo lọ bá Ọ̀gá. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, nítorí àsọyípo máa ń pẹ́ni. Ó ní òun lè sún mi sí ìpín kejì ní Mááṣì.

"Ní Mááṣì, Ọ̀gá, ilé-ẹ̀kọ́ ti ṣí, àyè ti kún."

"Ó lè rí bẹ́ẹ̀."

"Mo ń lọ sí Ola."

Mo ránṣẹ́ sí Ìyá Ola. Èsì wọn dé kí ilẹ̀ tó ṣú: ilé-ìwé wà níkángun ìlú; kí n má gba ọ̀nà ọjà; kí n gba inú oko gbágùúdá. Bí ọmọ bá rí mi, tó bá sáré tọ̀ mí wá, òun kò ní bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, kí n gba ọmọ mi, kí n fi kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀.

Ajé, 15 Nòfẹ́ńbà

Kẹ̀kẹ́ Fọlọ́runṣọ́ la gùn, èmi lẹ́yìn, àpò ẹfun lórí itan mi. Ìkùukùu bo gbogbo ọ̀nà. Ọ̀pẹ kan á yọ, á wò wá, á padà sínú funfun. N kò gbọ́ ohun mìíràn ju ẹ̀wọ̀n kẹ̀kẹ́ lọ. Ó ń ṣe mí bí ẹni pé ojú kan náà la wà, tí Ola ń rìn bọ̀ wá bá wa.

"Màmá, ẹ má sùn o. Bí ẹ bá jábọ́, ta ni yóò là mí lóye ìṣirò?"

"Tẹ kẹ̀kẹ́."

A sọ̀kalẹ̀ nínú oko gbágùúdá. Mo fi gèlè bo iwájú orí. Fọlọ́runṣọ́ ní mo jọ ẹni tó wá jí iṣu wà.

Jímọ̀, 19 Nòfẹ́ńbà

Mo rí i. Láti ìdí igi ọsàn ẹ̀yìn ilé-ìwé ni. Ìyá Ola ń bọ̀ láti odò, Sìdíkàt ń tẹ̀lé wọn, ó ru igbá kékeré kan tó fi ọwọ́ méjèèjì dì mú, omi ń dà sí i lójú, kò bìkítà. Ó ti ga. Nínú ìkùukùu yẹn n kò gbọ́ ẹsẹ̀ wọn, wọ́n kàn ń yọ́ kọjá. Ó sọ nǹkan, Ìyá Ola rẹ́rìn-ín. N kò mọ ohun tó sọ. Ó ti ń sọ ọ̀rọ̀ tí n kò kọ́ ọ.

Mo padà sí kíláàsì, mo gbé ẹfun lé ojú pátákó, mo sì gbàgbé ohun tí mo fẹ́ kọ.

Àlàrùbá, 24 Nòfẹ́ńbà

Alábẹ̀wò dé. Ọkùnrin sìgbọnlẹ̀ kan ni, ó wọ ìbọ̀sẹ̀ tó gùn dé orúnkún, ó jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú Ọ̀gbẹ́ni Oyèníran. Ẹ̀kọ́ mi ni àyọkúrò. Mo to ekùrọ́ márùn-ún sórí tábìlì níbi tí gbogbo ọmọ ti lè rí i.

Ibi tí mo ti fẹ́ mú ọ̀kan kúrò ni mo ti rí i. Àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ tí kò tíì tó ilé-ìwé lọ máa ń gun ògiri kúkúrú ẹ̀gbẹ́ kíláàsì láti wòran. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń wá. Lónìí wọ́n fa Sìdíkàt lọ́wọ́ wá. Wọ́n ti fá orí rẹ̀. Ó mú ìrèké dání. Ó sọ̀kalẹ̀ lórí ògiri, ó gba àárín bẹ́ńṣì kọjá bí ẹni tó ni ibẹ̀, ó dúró ní ìdí tábìlì mi.

Mo ní, ó ti rí mi, ó ti bàjẹ́. Mo ní, jẹ́ kó bàjẹ́. Apá mi ti là fúnra rẹ̀.

Ó wò mí. Ojú tó fi wo ọwọ́ dírẹ́bà lọ́jọ́ tó ń lọ ló fi wò mí. Ó na ọwọ́, ó mú ekùrọ́ kan, ó yípadà, ó lọ gun ògiri rẹ̀.

Alábẹ̀wò gbé gègé rẹ̀ sókè. Apá mi ṣì wà ní lílà lójú gbogbo wọn, mo wá nà án sí ojú tábìlì.

Mo ní, "Ekùrọ́ márùn-ún ló wà níbí. Wọ́n ti mú ọ̀kan lọ. Ó ku mélòó?"

"Ó ku mẹ́rin, Tíṣà."

"Gbogbo yín."

"Ó ku mẹ́rin, Tíṣà."

Lẹ́yìn tí ohùn wọn ti rọlẹ̀, ohùn kékeré kan ti orí ògiri wá, ó pẹ́ díẹ̀: "Tíṣà."

Alábẹ̀wò rẹ́rìn-ín, ó kọ nǹkan. Nígbà tí a parí, ó ní ohun tó wu òun jù ni bí mo ṣe fi ọmọdé yẹn ṣe ẹ̀kọ́, n kò lé e, n kò bínú. Ó ní ọmọ ta ni.

Ọ̀gbẹ́ni Oyèníran mọ̀ ọ́n. Orí itan mi ló ti rí i ní Sẹ̀tẹ́ńbà. Ó wò mí.

Mo ní, "Ọmọ Ola ni, sà."

Ọ̀gbẹ́ni Oyèníran bojú wo bàtà rẹ̀.

Àlàmísì, 25 Nòfẹ́ńbà

Ìyá Ola wá sí ilé-ìwé. Àwọn ọmọ ti lọ. Wọ́n gbé nǹkan sábẹ́ apá.

"Wọ́n ní o kò sáré tọ̀ ọ́ lánàá."

"Mo ń kọ́ ọmọ lẹ́kọ̀ọ́ ni."

"Hẹn. Òun náà kò sáré tọ̀ ọ́."

"Kò sáré, Ìyá."

Wọ́n gbé ìró àdìrẹ mi lé orí tábìlì. Ó ti mọ́, wọ́n ká a dáadáa, ó ń ta òórùn ọṣẹ dúdú àti ti oòrùn. "Ó parí. Bí mo ṣe ti ń gba ọmọ lẹ́nu ọmú tó, n kò rí èyí tó mọ́ tó báyìí rí. Kí ló dé tí ojú rẹ rí bẹ́ẹ̀?"

"Ekuru ẹfun ni."

Wọ́n bá mi jókòó lórí bẹ́ńṣì àwọn ọmọdé. Nígbà tí wọ́n dìde, wọ́n fi ọwọ́ kàn mí léjìká, wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

Sátidé, 27 Nòfẹ́ńbà

Mo mú Sìdíkàt dé ilé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà títí Bàrákátù fi ní, "Wọlé, ilé wa nìyí." Ó wọlé, ó kúnlẹ̀ bí Ìyá Ola ṣe kọ́ ọ.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Tíṣà."

Bàrákátù rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. "Màámi ni, ìwọ yìí. Sọ pé Màámi."

Sìdíkàt wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. "Màámi," bí ẹni ń ka ohun tí wọ́n kọ sójú pátákó.

Mo ká ìró náà sínú àpótí.

Sátidé, 4 Dìsẹ́ńbà

Ó ń jẹun, ó ń ṣeré, ó ń bá Bàrákátù jà. Bí mo bá gbé e sórí itan, á jókòó jẹ́ẹ́ bí àlejò, nígbà tí mo bá dákẹ́ á sọ̀kalẹ̀. Mo fẹ́ bi Ìyá Ola pé ìgbà wo ni yóò rántí. Mo mọ ohun tí wọn yóò sọ nípa ọjọ́ dídá.

Jímọ̀, 17 Dìsẹ́ńbà

Èsì jáde. Mo yege. Kíláàsì kìn-ín-ní ni wọ́n fún mi, níbí ní Èjìgbò. Fọlọ́runṣọ́ yege bákan náà. Lójú gbogbo ènìyàn ló dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní bí kì í bá ṣe igbe mi, òun ì bá ṣì máa ka ìka ọwọ́. Ẹran màlúù ti gbówó lórí nítorí ọdún Kérésì. Mo rà á bẹ́ẹ̀.

Sìdíkàt ni mo kọ́kọ́ bù fún. Ó ní, "Ẹ ṣé, Tíṣà." Bàrákátù kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Àìkú, 16 Jánúárì 1955

Lọ́la ni ilé-ẹ̀kọ́ yóò ṣí. Mo ti lọ wo kíláàsì mi. Bẹ́ńṣì kò tó. Wọ́n ní kí n ní sùúrù, mo ní n kò ní in. Wọ́n rí bẹ́ńṣì.

Ọyẹ́ mú gidigidi lónìí. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ funfun bí àwo, ènìyàn lè tẹjú mọ́ ọn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun tán nígbà tí Sìdíkàt wá dúró tì mí, ó ń gbọ̀n, ikun ń yọ nímú rẹ̀. Kò ní kí n gbé òun. Ó kàn dúró. Ìró àdìrẹ yẹn ló súnmọ́ ọwọ́ nínú àpótí, mo fà á yọ, mo fi pọ̀n ọ́n.

Mo ń rìn ká agboolé. Ògiri, igi, ewúrẹ́, gbogbo rẹ̀ ń yọ wá láti inú funfun, ó ń padà síbẹ̀. Ó pẹ́ tí orí rẹ̀ fi wúwo. Ẹnu rẹ̀ kan ẹ̀yìn mi lábẹ́ ọrùn, ó sì ń mira díẹ̀díẹ̀ bí ẹnu ẹni tó ń jẹun lójú àlá.

"Tíṣà," ó ń sọ ọ́ lójú oorun.

Mo ní, "Èmi nìyí."

Nígbà náà ni mo mọ ooru náà. Mo rò pé òógùn ni, nínú ọyẹ́. Mo wo ara mi. Iwájú ìró tí Ìyá Ola fọ̀ ti tutù fún wàrà, ní ọ̀tún àti ní òsì.

Sìdíkàt ti gbàgbé. Ìyá Ola ṣe iṣẹ́ wọn, iṣẹ́ náà sì mọ́. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó gbé èmi lọ sí Ola kí n lọ gbàgbé.

Mo tẹ́ Sìdíkàt sórí ẹní. Mo fọ ìró náà fúnra mi, mo sá a sẹ́yìn ilé níbi tí ẹnikẹ́ni kò ní béèrè. Bí ọyẹ́ ṣe ń fẹ́ yìí, yóò ti gbẹ kí n tó jáde lọ́la.